Stockholm ni àbí Göteborg? Ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Leeds ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún méje àti obìnrin ọmọ ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Ilé-iṣẹ́ méjì ní Swídìn ti ní kí n máa bọ̀: ti Stockholm á máa san krona 48,000 lóṣù, ti Göteborg á máa san 45,000. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Malmö ni ká wá, ó ní nǹkan rọjú níbẹ̀. Ìyàwó mi ti ń ka ìròyìn ìbọn àti bọ́ǹbù, àyà rẹ̀ ń já. Èmi náà tún rí àtẹ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní Umeå ló fọkàn balẹ̀ jù. Èwo ni ká mú?

Ìdáhùn: Göteborg ni màá ní kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé Göteborg sàn ju Stockholm lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ló fà á. Ní Swídìn, ilé tí èèyàn bá rí gbé àti irú ìwé tó fi ń gbé inú rẹ̀ ló ń pinnu iye tó máa ṣẹ́ kù sápò rẹ̀, ilé-ìwé tí ọmọ rẹ̀ máa lọ, àti bóyá á fọkàn balẹ̀ sùn lóru. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ ìlú tó kàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Malmö àti Umeå kúrò ná. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí wọ́n máa fún yín, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbà yín àti irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ló máa wà lára rẹ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ẹni tí kò rí iṣẹ́ ní Malmö kò lè torí pé ilé pọ́ọ́kú níbẹ̀ kó lọ máa gbé ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín lè ti sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ ará Malmö ń gba orí afárá Öresund lọ ṣiṣẹ́ ní Copenhagen, ọkọ̀ ojú irin ò sì ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Denmark ni ibẹ̀, àṣẹ iṣẹ́ Swídìn kò ràn án fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

Ó wá ku iṣẹ́ méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó wọn. Owó orí tí òṣìṣẹ́ ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ àti ti agbègbè yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ní 2025, ti Stockholm jẹ́ bíi 30.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Göteborg bíi 32.6, ti Umeå sì lé ní 34. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń gé e, torí ẹ̀dínwó kan wà fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìjọba àpapọ̀ náà ń gba ogún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá kọjá nǹkan bíi 643,000 lọ́dún ní 2025, ṣùgbọ́n owó yín kò tíì débẹ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Nínú 48,000 ti Stockholm, bíi 37,900 ló máa dé ọwọ́ yín. Nínú 45,000 ti Göteborg, bíi 35,200. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 2,700 lọ, ìyẹn pọ́n-ùn igba ó lé díẹ̀. Kódà ká ní owó oṣù kan náà ni wọ́n ń san ní Stockholm àti Umeå, gbogbo ìyàtọ̀ tí owó orí máa dá sílẹ̀ láàárín wọn kò ju bí ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ krona lọ lóṣù. Ẹni tó bá ń fi owó orí yan ìlú ní Swídìn kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ilé ni ẹjọ́ wà. Oríṣi ìwé ilé méjì ni ẹ máa bá pàdé. Èyí tí wọ́n ń pè ní förstahand, ẹ̀yin àti onílé fúnra rẹ̀ lẹ jọ ṣe é. Kì í ní ọjọ́ tó máa parí, ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé, Hyresgästföreningen, ló sì ń bá àwọn onílé dúnàádúrà lọ́dọọdún lórí iye tí wọ́n máa fi kún owó ilé. Kò sí onílé tó máa jí lọ́jọ́ kan kó ní owó ilé ti di ìlọ́po méjì. Èyí kejì ni andrahand: ẹnìkan ló gba ilé, òun ló wá fi gbà yín sí i, fún ọdún kan tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èèyàn ló fẹ́ förstahand, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tò. Ní Stockholm, Bostadsförmedlingen ló ń pín in. Igba krona lẹ máa san lọ́dún kí orúkọ yín má bàa kúrò lórí ìlà, ọjọ́ tí ẹ bá sì ti lò lórí ìlà ni agbára yín. Ìpíndọ́gba ọdún tí àwọn tó rí ilé gbà ti lò lórí ìlà yẹn jẹ́ bíi mẹ́sàn-án, ti àárín ìlú sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìlà ti Göteborg, Boplats, náà gùn, ṣùgbọ́n kò gùn tó ti Stockholm, ti Malmö ló sì kúrú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti Leeds, ẹ̀yìn ìlà pátápátá lẹ wà níbikíbi tí ẹ bá yà sí.

Andrahand ni gbogbo àlejò fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ gan-an sì ni owó Stockholm ti ń yọ́ dànù. Ilé tí wọ́n kọ "2 rok" sí, ìyẹn pálọ̀ kan, yàrá ìbùsùn kan àti ilé ìdáná, lè gba láàárín 13,000 sí 18,000 ní Stockholm. Ní Göteborg, 10,000 sí 14,000 la sábà máa ń rí. Ẹ̀yin mẹ́rin sì nílò 3 rok ó kéré tán. Ẹ ṣọ́ kíkà yẹn o: wọ́n ń ka pálọ̀ mọ́ ọn, torí náà 3 rok kò ju yàrá ìbùsùn méjì lọ. Tí ẹ bá rí "värme och vatten ingår" nínú ìpolówó, iná ìmúlé-móoru àti omi ti wà nínú owó ilé nìyẹn. Ẹni tó ń san owó gáàsì ní Leeds á mọ iye tí ìyẹn tó. "Hiss saknas" túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ̀yin lẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ gun àtẹ̀gùn. Ìlà tí mo máa ń kọ́kọ́ wá ni èyí tó ń sọ ẹni tó fún oníyàrá ní àṣẹ láti gba èèyàn sílé. Tó bá jẹ́ pé ayálégbé ni, onílé gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pé òun ló ra ilé náà, ẹgbẹ́ àwọn onílé nínú ilé ńlá yẹn gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àwọn tó ń fi ilé sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ máa ń sọ pé, "Ẹ lè gbébẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má forúkọ sílẹ̀ ní àdírẹ́sì yìí o." Ẹ kọ̀ ọ́. Àdírẹ́sì ni Skatteverket, àjọ owó orí wọn, fi ń kọ yín sínú ìwé ará ìlú kí wọ́n tó fún yín ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní personnummer. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹ ò lè rí BankID, ìdánimọ̀ orí fóònù wọn, gbà, láìsí BankID sì rèé, ẹ ò lè wọ ìkànnì ìlera, ẹ ò lè fi Swish sanwó, agbára káká lẹ máa fi rí nǹkan tó ń gba ẹlòmíì ní ìṣẹ́jú méjì. Ẹnìkan tún lè yọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá bá yín pé kí ẹ kó ọ̀kẹ́ márùn-ún krona wá kí òun tà förstahand fún yín. Láti October 2019, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á ló ń jẹ̀bi ọ̀daràn. Ẹni tó ń lo ìwé àṣẹ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi irú ìyẹn ṣeré.

Ẹ wá fi ojú ìyẹn wo 2,700 tí Stockholm fi ju Göteborg lọ. Owó ilé nìkan lè gbé e mì kí oṣù tó pé. Ìwé ọkọ̀ olóṣù kan ní Stockholm sì ti lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún krona fún àgbàlagbà kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún owó ilé Stockholm lọ sí Uppsala, bíi ogójì ìṣẹ́jú lórí réluwéè, ìlú tí yunifásítì rẹ̀ ti wà láti 1477. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọkọ̀ ojú irin sí i kí ẹ tó sọ pé ẹ ti jèrè.

Ó kan ohun tó ń já àyà ìyàwó yín. Ìròyìn tó kà kò parọ́. Brå, àjọ ìjọba tó ń ṣírò ìwà ọ̀daràn, ka ìṣẹ̀lẹ̀ ìpànìyàn 121 ní 2023 àti 92 ní 2024. Ìbọn pa èèyàn 62 ní 2022, ó pa 53 ní 2023, ó sì pa bíi 45 ní 2024. Ti ìbọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti bọ́ǹbù gòkè: ọlọ́pàá ka ìbúgbàù 149 ní 2023, ó di 317 ní 2024. Ẹnu ọ̀nà ilé ni wọ́n sábà ń gbé e sí, láti fi halẹ̀ mọ́ ẹnìkan tàbí àwọn ẹbí rẹ̀, aládùúgbò ló sì ń bá wọn pín ariwo àti fèrèsé fífọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ibi tí ẹ wà. Àwọn ará Swídìn lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá àti ààbọ̀, torí náà 92 yẹn jẹ́ bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mílíọ̀nù kan. Ní England àti Wales, bí 570 ni wọ́n pa láàárín ọdún tó parí ní March 2024, nínú èèyàn bíi mílíọ̀nù ọgọ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ máa rí i pé ó ju mẹ́sàn-án díẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. Ní ti pé kí wọ́n pa èèyàn, Swídìn kò burú ju ibi tí ẹ ti ń bọ̀ lọ. Ọ̀bẹ ló pọ̀ ní tiyín, ìbọn àti bọ́ǹbù ní tiwọn, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú àti àwọn tó sún mọ́ wọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú.

Ohun tó yẹ kó ká bàbá ọmọkùnrin lára ni ibi tí wọ́n ti ń wá ọmọ-iṣẹ́. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ẹgbẹ́ yìí ń gba orí fóònù ṣèlérí owó fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, torí òfin Swídìn kì í fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹni tí kò tíì pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ yín á pé mẹ́rìnlá lọ́dún méje sí i. Ìdí nìyí tí mo fi ní àdúgbò ló ṣe pàtàkì. Ọlọ́pàá máa ń ṣe àkójọ àwọn àdúgbò tí ipa ẹgbẹ́ ọ̀daràn ti hàn gan-an lára àwọn tó ń gbébẹ̀. Nínú ti 2023, àdúgbò 59 ló wà níbẹ̀, wọ́n ní 17 nínú wọn ló le jù. Ẹ máa rí Rinkeby àti Tensta ní Stockholm, Bergsjön àti Hjällbo ní Göteborg, Rosengård ní Malmö. Ẹ tún máa rí Gottsunda ní Uppsala, Skäggetorp ní Linköping, Vivalla ní Örebro, àwọn ìlú tí àlejò máa ń rò pé kò sí nǹkankan níbẹ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ àti kẹ̀kẹ́ lọ. Ìjà ẹgbẹ́ tó gbòde ní September 2023 kan Uppsala gan-an.

Mi ò ní kí ẹ má wọ àwọn àdúgbò wọ̀nyí o. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí gàrí, èlùbọ́ àti ata tó ta, ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú ló ń gbébẹ̀ láìsí wàhálà, àwọn tó ń gbébẹ̀ ló sì ń jìyà ọ̀ràn náà jù. Tí ilé bá yọ sí ibẹ̀ fún ọdún kan, ẹ gbà á. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe ibùgbé pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń dàgbà, ẹ rìn yí àdúgbò náà ká ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Friday, kí ẹ sì ya ilé-ìwé ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Àtẹ tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fojú tín-ín-rín wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ka ìwé ọlọ́pàá rárá. Wọ́n ń bi àwọn tó ṣí ìkànnì wọn léèrè bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n lóru, wọ́n á wá fi ìdáhùn wọn ṣe nọ́ńbà. Ìlú tí ìròyìn rẹ̀ ti gba ayé kan, irú bíi Malmö, kò lè ṣe dáadáa nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yíyìnbọn níbẹ̀ ti dín kù gan-an sí bó ṣe rí ní 2017. Láti 2018 ni ọlọ́pàá, ìjọba ìlú àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n ti jọ ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó ní Malmö láti sọ fún wọn pé kí wọ́n jáwọ́, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Sluta skjut, ìyẹn "ẹ yé yìnbọn".

Umeå ní tirẹ̀ rọ̀ lóòótọ́, kò sí àdúgbò rẹ̀ kankan nínú àkójọ ọlọ́pàá ti 2023. Iná mànàmáná náà pọ́ọ́kú níbẹ̀. Láti 2011 ni wọ́n ti pín Swídìn sí ọ̀nà mẹ́rin fún owó iná: òkè àríwá tó ní odò tó ń gbé iná jáde ń sanwó díẹ̀, Stockholm àti Göteborg wà láàárín, Malmö ní ìsàlẹ̀ ló sábà ń san jù. Ṣùgbọ́n nínú oṣù December, oòrùn Umeå kò lò ju wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ. Stockholm ń rí bíi mẹ́fà, Malmö bíi méje. Göteborg, kí n má tàn yín, òjò ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Leeds kò ní rò pé ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kì í sí nínú àtẹ kankan. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ ọ̀sán náà ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta yín máa lọ jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, owó rẹ̀ ní ibi tó máa ń dúró sí: ní 2025, kò sí òbí tó san ju nǹkan bíi 1,700 krona lóṣù lórí ọmọ kan. Ẹ mọ iye tí nọ́sìrì ń gbà ní Leeds. Tí wọ́n bá ti kọ yín sínú ìwé ará ìlú, owó ọmọ máa ń wọlé, 2,650 lóṣù fún ọmọ méjì. Kò sí owó NHS tí ẹ ń san ṣáájú kí wọ́n tó lu ìwé ìrìnnà lóńtẹ̀. Ẹ máa san díẹ̀ tí ẹ bá rí dókítà, ìwọ̀nba wà tí gbogbo rẹ̀ kò lè kọjá láàárín ọdún kan, ti àwọn ọmọdé sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí ẹ máa bínú sí ni pípẹ́ kí ẹ tó rí dókítà. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ibi tí ẹ wà.

Àwọn ọmọ yín lè kọ́ Yorùbá nílé-ìwé. Òfin wọn ní kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè ẹ̀kọ́ èdè ilé fún ọmọ tí wọ́n ń fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀ nílé, tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ẹ bá ti pé márùn-ún tí wọ́n sì rí olùkọ́. Ìlú ńlá ló ti rọrùn kí márùn-ún pé. Ohun kan sì wà tí mo ń sọ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá ń bọ̀: láti 1979 ni Swídìn ti fòfin de lílu ọmọ, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é láyé. Kò sí "mo kàn fọwọ́ bà á ni" níbẹ̀. Ní England òfin ṣì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òbí, ní Swídìn kò sí rárá, olùkọ́ tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ gbọ́dọ̀ fi tó àwọn aláṣẹ létí.

Ìyàwó yín ló máa kọ́kọ́ nira fún. Kọ̀ǹpútà lẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, àgbàlagbà tí ìyàwó yín máa tọ́jú kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí egungun bá ń ro ó. Láti July 2023, orúkọ iṣẹ́ náà, undersköterska, kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn lè máa jẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí. Kó forúkọ sílẹ̀ ní SFI, ẹ̀kọ́ èdè Swídìn ọ̀fẹ́ fún àlejò, lọ́sẹ̀ tí personnummer rẹ̀ bá jáde. Ẹ ka ọdún kan sí méjì tí owó yín nìkan á fi máa bọ́ ilé. Torí ìyẹn náà ni mo fi ń sá fún owó ilé Stockholm.

Ní ti àwọn ará ilé, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Níbi ìfọṣọ tí gbogbo ilé jọ ń lò ni wọ́n ti ń mọ ìwà àlejò. Ẹ máa yan wákàtí yín sórí pátákó tàbí ẹ̀rọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ìdọ̀tí aṣọ tó há sínú àsẹ́ ẹ̀rọ agbéṣọgbẹ. Tí ẹ bá gbàgbé, kò ní sí ẹni tó máa bá yín jà. Bébà kan ni ẹ máa bá lára ògiri, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn tàn yín, inú ń bí wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé Göteborg, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: ṣé wọ́n á fún yín ní ilé tí ẹ lè forúkọ sílẹ̀ sí fún oṣù mẹ́fà, ṣé wọ́n á san owó ìrìnàjò ẹ̀yin mẹ́rin, ṣé wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ ìyàwó àti ọmọ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú tiyín. Owó oṣù yín kọjá 29,680 tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní June 2025 dáadáa, ìyẹn kò ní jẹ́ ìṣòro. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè ti mọ ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa. Tí Göteborg bá kọ ti ilé, ẹ padà sọ́dọ̀ Stockholm pẹ̀lú ìbéèrè kan náà, ẹni tó bá gbà láti fún yín ní ilé ni kí ẹ tẹ̀ lé, bí owó rẹ̀ bá tiẹ̀ kéré. Kété tí ìwé bá sì ti wọlé, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìlà Boplats, torí ọjọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ń kà fún un.